Ọjọ́ Tí Agogo Bọ́ Lọ́wọ́ Wọ́dà Àgbà

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìbà kọjá lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ẹ rí bàtà tó tò rẹrẹẹrẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé funfun kan, ẹ ti dé Ìjọ Òkè Ìtẹ́lọ́rùn nìyẹn. A kì í wọ bàtà wọ ibẹ̀. Olówó ni o, tálákà ni o, ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wa fi ń dúró níwájú Ọlọ́run, ó sì yẹ kí ìgbéraga tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣòro díẹ̀ fún wa. Ẹni tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé, kí ló tún fẹ́ fi yangàn? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ kò tíì mọ Wọ́dà Àgbà Ládépọ̀.

Ládépọ̀ ti ṣe akọ̀wé rí nílé iṣẹ́ ìjọba kan, níbi tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ bí a ṣe ń sọ fún ènìyàn pé kó padà wá lọ́la. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó gbé ẹ̀kọ́ náà wá sílé Ọlọ́run. Ṣàngódèyí ni orúkọ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fi í ṣe wọ́dà ló sọ ọ́ di Jésùdèyí. Ó tẹ̀ ẹ́ sára káàdì, ó sì ń pín káàdì náà fún àwọn tó ti bá bàbá rẹ̀ jẹun nínú abọ́ kan náà. Iṣẹ́ wọ́dà kò ju pé kó fi ìjókòó han èrò, kó sì lu agogo nígbà tó bá yẹ. Àmọ́ lọ́wọ́ Ládépọ̀, iṣẹ́ náà wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, oyè rẹ̀ ti di Wọ́dà Àgbà, Olùtọ́jú Agogo Mímọ́, Alábòójútó Ètò àti Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá pè é ní Bróọ̀dá Ládépọ̀ lásán, kò ní gbọ́.

Bí ó bá sín, àwọn wọ́dà kéékèèké á kígbe "Halelúyà!" Bí ó bá fẹ́ jókòó, Sister Peace, ọmọbìnrin tó ń bá a gbé ìwé, á kọ́kọ́ nu àga, á sì béèrè bóyá àga náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹgbẹ́ akọrin ní orin kan tí wọ́n ń kọ bí ó bá ń wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló sì kó ọ̀rọ̀ orin náà jọ. Bàbá Ìjọ wa gan-an, Bàbá Àlàó, èèyàn pẹ̀lẹ́ tí kò fẹ́ wàhálà, máa ń dìde fún un. Ẹ ti rí onílé tó ń dìde fún ayálégbé rí? Ó wà ní Ìbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ agogo, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Nínú ìjọ wa, bí agogo bá dún láàárín ìsìn, gbogbo wa á wólẹ̀, a ó fi iwájú orí kan ilẹ̀. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kejì, a ó dìde. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ráhùn. Ládépọ̀ fi tirẹ̀ kún un. Ó kọ òfin mẹ́tàlélógún sínú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ pupa. Òfin kìíní ni pé ẹnikẹ́ni tó bá gbé orí sókè kí agogo tó dún lẹ́ẹ̀kejì, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe wòlíì, ó ti da ìsìn rú, oṣù mẹ́ta ni yóò sì fi máa jókòó sẹ́yìn ògiri. Òfin kejì ni pé kò sí ọwọ́ tó gbọdọ̀ kan agogo bí kò ṣe ọwọ́ Wọ́dà Àgbà. Nígbà mìíràn, bí ó bá ti lù ú, ó máa ń fi wá sílẹ̀ lórí ìdojúbolẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kó lè máa rìn láàárín wa. Mo yọjú wò ó lọ́jọ́ kan. Ó ń wo ẹ̀yìn gbogbo wa, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nínú ìjọ yìí ni Ọmọ́bọ́lá wà. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òkókómáíkò, òun ló sì ń rán sùtánà funfun fún ìdajì wa. Ọkọ rẹ̀, Isaac, ń wa tírélà lọ sí Òkè Ọya, a kì í sábà rí i. Ọdún méje ni wọ́n fi wojú Ọlọ́run. Nígbà tó pé ọdún keje, Ọmọ́bọ́lá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ lójú gbogbo ìjọ, ó ní, "Olúwa, bí o bá fún mi lọ́mọ, ọmọ náà kò ní pa ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ níwájú pẹpẹ yìí títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta." Ọlọ́run gbọ́. Ìyìnolúwa dé.

Ẹni tí kò bá mọ̀, kó mọ̀ pé ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ wa. Bí o bá ti jẹ́ ẹ lójú ìjọ, gbogbo ìjọ ló ń bá ọ kà á. Ọmọ́bọ́lá gbé ọmọ náà wá nínú òjò. Ó gbé e wá lọ́jọ́ tí kò sí ọkọ̀ lójú títì, tó fẹsẹ̀ rìn láti Òkókómáíkò dé Ìbà. Lọ́jọ́ tí ara ọmọ gbóná, ó wọlé, ó fi í han pẹpẹ, ó sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó dá a lójú pé bí òun bá yẹ ẹ̀jẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tí Ọlọ́run fún òun lè bọ́ lọ́wọ́ òun. Ẹ lè fi í rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á gan-an ni.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ dára, ọmọ ń sùn. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ dé. Ìyìn á gba abẹ́ àga láti ẹ̀yìn dé iwájú, á máa fa ìka ẹsẹ̀ àwọn àgbààgbà bó ti ń kọjá lọ. Ó ti jẹ àbẹ́là. Ó ti tú àmùrè ọ̀gá akọrin láàárín orin. Lọ́jọ́ kan, ó yọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó kó bàtà gbogbo wa jọ sójú kan, ó sì jókòó lé e lórí. Bàbá Àlàó wọ dúdú lẹ́sẹ̀ kan, pupa lẹ́sẹ̀ kejì, relé. Inú wa ń dùn, à ń ṣe bí ẹni tínú ń bí. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò rójú rẹ́rìn-ín, nítorí òun ló ń sáré.

Ọ̀ràn dé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Ìkórè. Wọ́dà Àgbà dìde láti ṣe ìkéde.

"Ẹ̀yin ẹni mímọ́, tí a wẹ̀, tí a fọ̀, tí a sá sínú oòrùn òdodo!" ni ó wí. "Mo dìde lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, tọ̀tún tòsì, láti kéde ohun tí ayé ti ń retí. Bàbá Àgbà Bámidélé, olórí gbogbo ìjọ wa, ń bọ̀ láti Ìlaròó wá bá wa ṣe Ìkórè. Kí ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe? Wọ́n ń bọ̀ wá fi òróró yan ìránṣẹ́ yín tí kò já mọ́ nǹkan kan, èmi náà ni, gẹ́gẹ́ bí Olórí Wọ́dà fún gbogbo ẹkùn Ọ̀jọ́, láti Ìbà títí dé etí omi! Ẹ má pàtẹ́wọ́ o. Onírẹ̀lẹ̀ ni mí."

Ó dákẹ́, ó ń dúró kí a pàtẹ́wọ́. A pa á. Ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó sọ ibi tí wọn yóò gbé àga rẹ̀ sí, ó sọ irú abẹ̀bẹ̀ tí wọn yóò fi fẹ́ ẹ, ó sọ iye ìgbà tí akọrin yóò kọ orin rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá. Níkẹyìn, ó dákẹ́ láti mí. Ibi tó ti ń mí ni Ìyìnolúwa ti dìde dúró lórí àga lẹ́yìn, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kígbe, "Ó ti tán!"

"Àmín!" ni gbogbo ìjọ wí, tọkàntara. Bróọ̀dá Ìṣẹ́gun tó ń lu dùùrù, tó ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, bẹ̀rẹ̀ orin ìparí. Kí Wọ́dà Àgbà tó mí tán, ìdajì wa ti wà lẹ́nu ọ̀nà, à ń wá bàtà.

Wọ́n dá wa padà. Ẹ ò bá rí ojú rẹ̀! Ó ṣí ìwé pupa, ó sì kọ òfin kẹrìnlélógún lójú wa níbẹ̀. "Níwọ̀n ìgbà tí Sátánì ti ń lo ẹni tí kò tíì já lẹ́nu ọmú dáadáa," ni ó ń kà á bó ti ń kọ ọ́, "láti Ọjọ́ Ìkórè lọ, ẹsẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ tẹ́ńpìlì yìí mọ́. A ó kọ́ àgọ́ fún wọn lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Orúkọ àgọ́ náà ni Àgọ́ Ìfarabalẹ̀."

Àwọn wọ́dà kéékèèké kígbe Halelúyà. Ọmọ́bọ́lá fa Ìyìn mọ́ra. Ọjọ́ Ìkórè gan-an ni Ìyìn yóò pé ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo ló kù nínú mẹ́rìndínlọ́gọ́jọ.

Ó lọ kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì Wọ́dà Àgbà. Ọ́fíìsì yìí kò ju kọ̀rọ̀ kan nínú yàrá aṣọ, tí wọ́n fi kọ́tìnnì gé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Bàbá Wọ́dà Àgbà. Ọjọ́ kan péré ló kù fún mi. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà."

"Kọ lẹ́tà," ni Ládépọ̀ wí.

Ó kọ lẹ́tà. Ó nà án sí i.

"Kò gbọdọ̀ tọ ọwọ́ mi tààrà. Fún Sister Peace."

Sister Peace jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ọmọ́bọ́lá fún Peace. Peace lu òǹtẹ̀ sí i, ó dìde, ó yí tábìlì po, ó sì fi í lé Wọ́dà Àgbà lọ́wọ́. Ládépọ̀ wọ gíláàsì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí, mádàámú. Ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Kọmítì yóò jókòó lé e lórí lẹ́yìn Ìkórè."

"Lẹ́yìn Ìkórè kẹ̀, sà? Ọjọ́ náà á ti kọjá!"

"Ìdí nìyẹn tí a ó fi ní ààyè láti fara balẹ̀ wò ó."

"Àgọ́ yẹn ńkọ́, sà? Bí ọmọ mi bá wà níbẹ̀, ṣé inú ìjọ la lè sọ pé ó wà?"

"Mádàámú, àgọ́ kì í ṣe tẹ́ńpìlì. Ìdí tí a fi kọ́ ọ nìyẹn."

Ó gba ọ̀dọ̀ Bàbá Àlàó lọ. Bàbá Ìjọ wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ìyá Ìyìn, máa gbàdúrà. Èmi náà ń gbà á." Ẹ gbọ́, Bàbá Ìjọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ tirẹ̀. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́, ṣùgbọ́n èmi náà kò kúkú sọ nǹkan kan.

Alhájà Fàúsátù nìkan ló sọ̀rọ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni Alhájà, ilé rẹ̀ ló fara ti ògiri ìjọ wa. Láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó ti ń fojú bá ìsìn wa lọ láti ọdún pípẹ́, ó sì mọ orin wa ju àwọn mìíràn nínú akọrin lọ. Ó rí Ọmọ́bọ́lá tó ń sunkún lẹ́nu géètì.

"Ọmọ ọdún mẹ́ta lẹ̀ ń bá fa òfin?" ni Alhájà wí. "Ní mọ́sáláṣí tiwa, bí ọmọdé bá gun lèmọ́ọ̀mù lẹ́yìn níbi tí wọ́n ti forí kanlẹ̀, lèmọ́ọ̀mù á rọra dúró dè é ni. Ẹ sọ fún Ṣàngódèyí kó lọ jókòó."

"Jésùdèyí ni wọ́n ń jẹ́ báyìí, mà."

"Mo mọ bàbá ẹ̀," ni Alhájà wí, ó sì pa fèrèsé dé.

Ọjọ́ Ìkórè mọ́. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti ìrẹsì kún iwájú pẹpẹ. Àgbò ńlá kan tí a rà ní Alábà Ràgó wà lórí ìso níta, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ó ń jẹ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò mọ̀ pé òun wà nínú pírógíráàmù. Wọ́dà Àgbà ti pàṣẹ pé kí wọ́n gbé Agogo Mímọ́ sórí tìmùtìmù pupa, lórí àpótí kékeré, lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an, nítorí ibẹ̀ ni Bàbá Àgbà yóò gbà wọlé, òun sì fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí i. Àpótí náà kò ga ju orúnkún lọ. Ó fẹ́ kí Bàbá Àgbà tẹríba díẹ̀ kí wọ́n tó lè wò ó dáadáa. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n!

Bàbá Àgbà Bámidélé dé. Arúgbó ni, orúnkún ń dùn wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn kò sì pọ̀. Wọ́dà Àgbà dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó sì fi ìwé pupa náà ta wọ́n lọ́rẹ lọ́wọ́ méjèèjì.

"Kí ni èyí?" ni Bàbá béèrè.

"Òfin ni, Bàbá. Ti Ọlọ́run jẹ́ mẹ́wàá. Ti èmi jẹ́ mẹ́rìnlélógún."

Bàbá Àgbà wò ó, wọ́n fi ìwé sábẹ́ apá, wọ́n wọlé.

Ọmọ́bọ́lá wà nínú Àgọ́ Ìfarabalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mọ́kànlá àti ìyá mẹ́rin. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù létí wọn, èéfín ń wọ imú. Ó wẹ Ìyìn láàárọ̀, ó wọ sùtánà tuntun fún un, èyí tó rán fún ọjọ́ náà. Ó pinnu pé bí èrò bá ń tò wọlé pẹ̀lú ẹrù ìkórè, òun á fi ọmọ pamọ́ sínú ìborùn, òun á sì bá wọn wọlé. Bí wọ́n bá fẹ́ lé òun kúrò nínú ìjọ lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n lé òun. Ó bẹ̀rẹ̀ láti bá ọmọ kan nu ikun imú. Nígbà tó gbójú sókè, Ìyìn ti lọ.

Nínú ilé, Wọ́dà Àgbà ń ka ọ̀rọ̀ ìkíni. Ojú ewé mẹ́tàdínlógún ni. Ó dé ojú ewé kẹta, níbi tó ti ń fi ara rẹ̀ wé Mósè, tó sì ń tọ́ka sí ibi tí Mósè ti kù díẹ̀ káàtó, nígbà tí a gbọ́ agogo.

A wólẹ̀. Bàbá Àgbà wólẹ̀, orúnkún wọn ró. Wọ́dà Àgbà náà wólẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe? Agogo dún lẹ́ẹ̀kejì, a dìde. Ládépọ̀ wo ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́: tìmùtìmù wà, agogo kò sí.

"Wọ́dà," ni Bàbá Àgbà wí, "kí ló dé?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ló yẹ kó sọ níbẹ̀: "Bàbá, n kò mọ̀." Ì bá sọ ọ́, ì bá di Olórí Wọ́dà lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ẹni tó ní òun nìkan lè fọwọ́ kan agogo, báwo ni yóò ṣe sọ pé agogo ti bọ́ lọ́wọ́ òun?

"Bàbá, Ẹ̀mí ló ń lù ú," ni ó wí. "Mo ti gbàdúrà sí i lóru. Ìtẹríba ọ̀tọ̀ ni, fún ọlá yín."

Ẹ̀mí tún lù ú. A wólẹ̀. Ẹ̀mí lù ú, a dìde. A wólẹ̀, a dìde, a wólẹ̀, a dìde. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, a ti ṣe é nígbà méje. Òógùn ń bọ́ lára akọrin. Bróọ̀dá Ìṣẹ́gun fi orí kọ dùùrù. Bàbá Àlàó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Ẹ̀mí yìí mà yára o." Ní ìgbà kẹjọ, a wólẹ̀. A ń retí. A kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìdí ni pé Ẹ̀mí ti rí àgbò. Ìyìn, tó nawọ́ láti ìta mú agogo lórí àpótí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kan ilẹ̀ tẹ́ńpìlì rárá, ti gbàgbé wa. Ó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún inú agogo, ó ń bọ́ àgbò.

Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé orí, ta ló fẹ́ fi oṣù mẹ́ta jókòó sẹ́yìn ògiri? Ẹnìkan ti ń hanrun lẹ́yìn mi. Alhájà Fàúsátù, tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wa dẹ́rù bà, ṣí fèrèsé.

"Ẹ̀yin ará ibí o! Ṣé kò sí?"

Iwájú orí wa ṣì wà nílẹ̀.

"Yéè! Gbogbo wọn ti kú!" ni Alhájà kígbe. "Ẹ gbà wá o, èéfín jẹnẹrétọ̀ ti pa àwọn aláṣọ funfun!"

Ojú títì bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọlé. Wọ́dà Àgbà mọ̀ pé bí èyí bá pẹ́ sí i, òróró kò ní kan orí òun. Ó ronú. Òfin ní kí a má gbé orí sókè. Kò ní kí a má rá. Ó bá fi ọwọ́ àti orúnkún kanlẹ̀, ó na ìdí sókè, ó fi orí sílẹ̀, ó sì ń rá lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, àmùrè elésè àlùkò rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé e. Ó rá kọjá níwájú Bàbá Àgbà, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wà nílẹ̀, tí ojú wọn sì là kedere. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó gbé orí sókè láti wá agogo, òun àti Ìyìnolúwa sì ko ara wọn, imú sí imú.

Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ Wọ́dà Àgbà. Ohun tó mọ̀ ni pé bí bàbá òun bá ti Òkè Ọya dé, tó sì wà lórí ọwọ́ àti orúnkún báyìí, eré kan ṣoṣo ló kàn.

"Ẹṣin!" ni ó kígbe, tayọ̀tayọ̀. Ó gùn ún. Ó gbọn ewé inú agogo dànù, ó sì lù ú.

A dìde, a sì yíjú. Ọlọ́run, forí jì mí, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Alábòójútó Ètò àti Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà lórí ọwọ́ àti orúnkún lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọmọ aláṣọ funfun kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó di etí rẹ̀ mú, àgbò sì ń yọjú lẹ́yìn wọn. Kò sí ẹni tó kígbe Halelúyà.

Bàbá Àgbà rọra jókòó, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún.

"Wọ́dà," ni wọ́n wí, "Ẹ̀mí tí o gbàdúrà sí lóru, ó wọ páńpásì."

Ládépọ̀ fẹ́ dìde. Bàbá Àgbà nawọ́ sí i. "Má dìde!" Wọ́n ṣí ìwé pupa, wọ́n wá ojú ewé tó kẹ́yìn. "Òfin kẹrìnlélógún. Ẹsẹ̀ ọmọ yìí kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀. Bí o bá dìde, á jábọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì tẹ ilẹ̀. Dúró bẹ́ẹ̀."

Ìgbà yẹn ni Ọmọ́bọ́lá sáré dé, ìborùn ti já bọ́ lórí rẹ̀. Ó rí ohun tí ọmọ rẹ̀ gùn, ó sì wó lulẹ̀ lórí orúnkún ní ìta ilẹ̀kùn.

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá! Èmi ni mo fi í sílẹ̀. Ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́, sà. Mo ní kò ní pa ọjọ́ kan jẹ níwájú pẹpẹ títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta. Òní ló pé. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọlé."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

Ó kàn wo ẹṣin náà.

Bàbá Àgbà wo Bàbá Àlàó. Bàbá Àlàó wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè. "Òótọ́ ló sọ, Bàbá. Gbogbo wa la gbọ́ ẹ̀jẹ́ náà. Èmi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀, n kò sọ."

Bàbá Àgbà pa ìwé pupa dé. Wọ́n wá ní, "Ládépọ̀, gbé ọmọ náà wá síbi pẹpẹ. Bó o ṣe wà yẹn."

Ó rá a. Láti ẹnu ilẹ̀kùn dé iwájú pẹpẹ jẹ́ ogún ẹsẹ̀ bàtà, láàárín iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyìn ń fi gìgísẹ̀ gbá a ní ìhà, ó ń kígbe, "Yára, ẹṣin, yára!" Ọmọ́bọ́lá tẹ̀lé wọn lẹ́yìn lórí orúnkún, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé iwájú pẹpẹ, Bàbá Àgbà gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí níbi tó jókòó sí.

"Ìyá, ẹ̀jẹ́ rẹ ti pé," ni wọ́n wí. "Ọlọ́run kò ní gba ohun tó fún ọ."

Ọmọ́bọ́lá ṣubú síwájú pẹpẹ, ó sun irú ẹkún tí ẹni tó ti ń gbé ẹrù fún ọdún mẹ́ta ń sun bí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún un. Gbogbo wa la dákẹ́ fún un, kò sì sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀.

Òróró padà sí Ìlaròó nínú ìgò rẹ̀ bó ṣe wá. Kí Bàbá Àgbà tó lọ, wọ́n fa òfin kẹrìnlélógún ya, wọ́n sì ka òfin kìíní sókè: Wọ́dà ti gbé orí sókè lẹ́nu ilẹ̀kùn kí agogo tó dún lẹ́ẹ̀kejì, ó ti da ìsìn rú, oṣù mẹ́ta ló sì tọ́ sí i lẹ́yìn ògiri. Sister Peace lu òǹtẹ̀ sí i. Ó ní kí Bróọ̀dá Ládépọ̀ lọ kọ lẹ́tà bí wọ́n bá fẹ́ rojọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún àwọn ọmọdé. Wọn kò wọlé. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹṣin tí wọ́n rán lọ sẹ́yìn ògiri wà nínú àgọ́, ọmọ mọ́kànlá ló sì tò sẹ́yìn Ìyìnolúwa níbẹ̀, tí oníkálùkù ń dúró de ìgbà tirẹ̀. Ọmọ́bọ́lá wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Kò sí ọmọ tí yóò lé, kò sí ìpápánu nínú báàgì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fún ìgbà àkọ́kọ́, mo fẹ́ gbọ́ ìwàásù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Bàbá Àlàó gun orí àga ìwàásù. Ọ̀rọ̀ Ábúráhámù ni wọ́n mú, wọn kò sì tètè kúrò níbẹ̀. Ìwàásù náà kò dùn. Kí a tó dé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ọmọ́bọ́lá ti gbé orí lé mi léjìká, ó ti sùn lọ fọnfọn. N kò jí i. Èmi náà ti ń tòògbé.